Kí Ló Wà Níbẹ̀, Níbo Ló Ti Wá? Bí A Ṣe Ń Gbé Èròjà àti Orísun Kalẹ̀ Nínú Àwòṣe Pápá Iná

Kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú yín gbé sórí itan nísinsìnyí lágbára ju èyí tí gbogbo ẹ̀ka wa jọ ń pín lò láyé ijọ́un lọ. Ètò tó ń ṣírò pápá iná àti pápá òòfà, tó sì ń yà á ní àwọ̀ mèremère, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi, ohun kan ń tún ara rẹ̀ ṣe: àwòrán á dùn ún wò, nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ kò sì ní bá tayé mu. Ìṣirò inú kọ̀ǹpútà kì í sábà ṣì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú ni ìbéèrè méjì tó yẹ ká dáhùn kí á tó tẹ bọ́tìnì rárá: kí ni ó wà ní ibì kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà, àti níbo gan-an ni pápá náà ti ń wá? Ìyẹn ni èròjà àti orísun.

Òṣogbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tí iná bá kú káàkiri Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ ìlú yìí máa ń wọ ìròyìn, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìdarí tó ń ṣọ́ gbogbo wáyà ńláńlá ilẹ̀ wa wà. Wáyà 330 kV láti Jẹ́bbà wọ Òṣogbo, òmíràn sì ti ibẹ̀ gba ọ̀nà Ìbàdàn, ọ̀nà Ìkẹjà àti ọ̀nà Bìní lọ. Haitẹ́nṣọ̀n ni àwọn ará ilé wa ń pè é. Ìlànà ni pé kí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50 ṣófo lábẹ́ rẹ̀, mítà 25 ní apá ọ̀tún, 25 ní apá òsì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti wọ́n. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń kan ìsọ̀ onípákó. Bí ìyá kan tó ń tajà níbẹ̀ bá bi yín pé, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò séwu?", nọ́ńbà lẹ máa fi dá a lóhùn, inú àwòṣe ni nọ́ńbà náà yóò sì ti wá. Àjọ ICNIRP, tí ayé ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, fi 5 kV fún mítà kọ̀ọ̀kan ṣe òpin pápá iná fún ará ìlú ní 50 Hz. Ẹ fi 5 yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i. (Wáyà tó já lulẹ̀ jẹ́ ewu mìíràn tí 5 yìí kò kàn rárá. A ó dé ibẹ̀.)

Ẹnìkan á ní, iná NEPA ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, báwo la ṣe lè fi ìṣirò ohun tó dúró jẹ́ẹ́ ṣe é? Ìdí ni pé ìgbì iná 50 Hz gùn tó 6,000 kìlómítà. Láti Jẹ́bbà dé Òṣogbo kò tó 200. Láàárín mítà 50 tí à ń wò, gbogbo nǹkan ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ pọ̀ bí ẹni pé ibì kan ṣoṣo ni. Nítorí náà a lè dá àkókò dúró, ká ya fọ́tò rẹ̀, ká ṣe ìṣirò fọ́tò náà.

Ó wá di ọ̀rọ̀ orísun. Wáyà mẹ́ta ló wà lórí òpó, 330 kV ló sì wà lórí pátákó. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi 330 sí wáyà kìíní, 330 sí ìkejì, 330 sí ìkẹta. Àṣìṣe méjì ló wà nínú ẹyọ kan yìí. Àkọ́kọ́, láàárín wáyà kan sí èkejì ni 330 náà wà. Láti wáyà sí ilẹ̀, 330 pín sí gbòǹgbò 2 ti 3 ni, ìyẹn 190.5 kV. Èkejì, àwọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dé òkè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ọ̀kan bá wà ní téńté, tó jẹ́ 269 kV, àwọn méjì yòókù wà ní ìsàlẹ̀ òdo, wọ́n jẹ́ −135 kV kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òdo ni. Èyí ló ń jẹ́ kí pápá wọn máa pa ara wọn rẹ́ bí a ṣe ń jìnnà sí wọn.

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà sí i. Mi ò ní òpó kan pàtó lọ́kàn, ìwọ̀n tó bá irú wáyà bẹ́ẹ̀ mu ni mo mú: gíga mítà 12 láti ilẹ̀, mítà 10 láàárín wáyà kan sí èkejì, wáyà méjì-méjì tí sẹ̀ǹtímítà 40 wà láàárín wọn fún ìlà kọ̀ọ̀kan, wáyà kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2.7. Bí a bá gbé orísun kalẹ̀ bó ti yẹ, pápá lórí ilẹ̀, ní abẹ́ wáyà ẹ̀gbẹ́, á jẹ́ nǹkan bí 4 kV fún mítà. Bí a bá lo 190.5 àmọ́ tí a ní kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lókè pọ̀, ó di 8. Bí a bá tún wá fi 330 sí i lọ́nà kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Ṣé ẹ rí i? Ìdáhùn kan sọ pé ibẹ̀ ò tíì kọjá òpin, èkejì sọ pé ó kọjá, ẹ̀kẹta sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta òpin. Àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì máa pupa dáadáa lábẹ́ wáyà. Ní ẹnu ààlà mítà 25, ìdáhùn tó tọ́ já sí nǹkan bí 1.6.

Fọ́tò kan ṣoṣo kò tó o. Ẹ ya kìíní nígbà tí wáyà ẹ̀gbẹ́ yẹn wà ní téńté, kí ẹ ya èkejì nígbà tí òun náà wà ní òdo, tí àwọn méjì yòókù wà ní 233 àti −233. Lórí ilẹ̀, òòró ni pápá dúró sí nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò. Èyí ni téńté, ẹ pín in sí 1.414 kó tó di èyí tí ẹ fi máa wé òpin ICNIRP. Mo ti rí ìwé tó dára tó fi téńté wé òpin náà, tó sì fi bẹ́ẹ̀ kó ìpáyà bá àdúgbò kan lásán.

Ìrísí wáyà náà jẹ́ ara orísun. Bí ẹ bá ya wáyà kan dípò méjì nítorí pé ó yá, fólítéèjì kan náà á kó ṣáàjì tó kéré sára rẹ̀, pápá ilẹ̀ á sì já wálẹ̀ láti 4 sí 3. Ó wá dà bí ẹni pé ewu ti dín kù, bẹ́ẹ̀ àwòrán la kò yà dáadáa.

Èròjà ńkọ́? Nínú ìṣirò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, ó rọrùn débi pé àwọn kan máa ń ṣe é lásọdùn. Afẹ́fẹ́ ni, agbára rẹ̀ láti gba pápá mọ́ra, èyí tí à ń fi ε kọ, jẹ́ 1. Wáyà jẹ́ irin, a kì í sọ ohunkóhun nípa inú rẹ̀, ojú rẹ̀ la ń fún ní fólítéèjì. Ilẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ á sáré lọ wá ε yangí, ε iyanrìn, ε amọ̀. Kò sí ìdí fún un. Fún iná 50 Hz tó wà lókè orí, ilẹ̀ Òṣogbo, gbígbẹ tàbí tútù, ń hùwà bí irin ni. Ẹ fún un ní òdo, ẹ tẹ̀ síwájú.

Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú o, nítorí pé ilẹ̀ kan náà yìí fẹ́ yí padà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ká ní wáyà 11 kV ti àdúgbò já, orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ìbéèrè wa ti yàtọ̀: báwo ni fólítéèjì ṣe pín lórí ilẹ̀, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ níbẹ̀? Bí a bá pe ilẹ̀ ní irin báyìí, òdo ni ìdáhùn á jẹ́ níbi gbogbo, a ó sì sọ pé kò séwu nígbà tí ènìyàn ń kú. Nínú ìṣirò tuntun yìí, bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ohun tí à ń fi ρ kọ nìyẹn, ẹyọ rẹ̀ sì ni Ω·m. Amọ̀ tútù lè jẹ́ 50 tàbí kó kéré sí i. Yangí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, ó lè kọjá 1,000. Òkúta abẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí kò tíì jẹrà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilẹ̀ kan náà, ní oṣù kejì àti ní oṣù kẹsàn-án, èròjà méjì ni lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ nǹkan kọ́ là ń kọ sínú àpótí èròjà. Ìwà tó ń hù nínú ìbéèrè tí a bi í là ń kọ.

Orísun náà tún yàtọ̀. Ká ní ampere 10 ń wọ ilẹ̀ níbi tí wáyà ti kàn án, kí ρ jẹ́ 500. Ẹni tó wà ní mítà 1 síbẹ̀, tó gbé ẹsẹ̀ kejì dé mítà 1.8, nǹkan bí 350 fóltì ló wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Ní mítà 10, ìgbésẹ̀ kan náà kò ju fóltì 6 lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jìnnà pátápátá, àti pé bí wọ́n bá ti wà nítòsí, kí wọ́n pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ jáde, kí wọ́n má ṣe sáré.

Àmọ́ ẹ wo ohun kan tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé ampere ni orísun, ilẹ̀ tí ρ rẹ̀ ga á fún yín ní fólítéèjì ẹsẹ̀ tó ga: láti 500 sí 100, 350 yẹn á di 70. Bí ẹ bá sọ pé fólítéèjì ni orísun, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ irú kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ρ á parẹ́ nínú ìdáhùn. Yangí tàbí amọ̀, fólítéèjì ẹsẹ̀ á dọ́gba. Iye iná tó ń ṣàn ló máa yí padà. Nínú ayé gidi, kò sí èyí tó dá dúró nínú méjèèjì. Fólítéèjì ti wáyà wá, ó sì gba ara tírànsífọ́mà, ara wáyà fúnra rẹ̀ àti ibi tó fi kan ilẹ̀ kọjá kó tó wọlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí iṣẹ́ ẹnìkan, kí ẹ tó wo àwòrán rẹ̀, ẹ bi í pé: kí lo dì mú? Ampere ni àbí fóltì?

Ẹ jẹ́ ká padà sókè òpó díẹ̀, síbi àwọn àwo gíláàsì tàbí ti tánńganran tí wáyà rọ̀ mọ́. Níbí ε ṣe pàtàkì: tánńganran jẹ́ nǹkan bí 6, gíláàsì bí 7, afẹ́fẹ́ 1. Ṣùgbọ́n láàárín àwo kan sí èkejì, irin wà níbẹ̀ tí kò kan wáyà, tí kò kan òpó. Fólítéèjì wo la fẹ́ fún un? Ọ̀pọ̀ á fún un ní òdo nítorí pé kò so mọ́ nǹkankan. Ìyẹn dà bí ẹni fi wáyà so ó mọ́lẹ̀! Ohun tó tọ́ ni kí ẹ sọ pé fólítéèjì rẹ̀ dọ́gba káàkiri ara rẹ̀ ṣùgbọ́n a kò mọ iye rẹ̀, àti pé àròpọ̀ ṣáàjì ara rẹ̀ jẹ́ òdo. Kọ̀ǹpútà á wá iye náà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn àwo kì í pín ẹrù náà dọ́gba. Èyí tó sún mọ́ wáyà jù ló ń ru púpọ̀ jù. Nígbà ọyẹ́ ńkọ́, tí eruku bo àwo, tí ìrì òwúrọ̀ wá rin ín? Nígbà náà ε kò ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́, ìpele ẹrẹ̀ tín-ínrín tí iná ń gba orí rẹ̀ kọjá ló ń darí gbogbo rẹ̀. Àwòṣe ε nìkan á sọ pé ààbò wà, àwo náà á sì máa dún ṣíì-ṣíì lójú yín.

Pápá òòfà ń bẹ̀rẹ̀ láti inú ampere, kì í ṣe fóltì, èròjà rẹ̀ sì ni μ. Àwọn tó ń tún kọ́ìlì mọ́tò wé mọ èyí jù wá lọ: iye ìgbà tí wọ́n wé e lọ́po ampere ni orísun. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ ìwé 200, tí ampere 5 ń kọjá nínú wáyà rẹ̀, 1,000 ni orísun. Ẹ má fi 1,000 sí àpótí ampere kí ẹ tún fi 200 sí àpótí ìwé. Ní ti irin inú tírànsífọ́mà, μ rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà kan. Ó máa ń ga gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí pápá bá súnmọ́ tesla 2, irin á yó, kò ní gba púpọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo lè rí tesla 5 nínú irin lójú kọ̀ǹpútà, kó sì máa yọ̀.

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ ní Iléṣà, nítorí pé ibẹ̀ ni orísun ti ń farapamọ́ jù. Ẹ mọ̀ pé góòlù ti wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà láti ayébáyé. Ilé iṣẹ́ ìwakùsà Segilola, ní ọ̀nà Ìpérindó, yọ góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2021, àìmọye ọ̀dọ́ ló sì ń fi ọwọ́ wà á kiri etí odò láìní ìwé àṣẹ. Òòfà kì í fa góòlù. Ohun tí a fi ìwọ̀n òòfà ń wá ni irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀ ti ya, bí èyí tí a mọ̀ sí ìyàsílẹ̀ Ìfẹ̀wàrà. Òkúta dúdú tó ní irin nínú ń gba òòfà mọ́ra, òkúta funfun tó le bí àwo kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á rárá. Ìyàtọ̀ yẹn ni èròjà wa.

Orísun ńkọ́? Ayé fúnra rẹ̀ ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, pápá òòfà ayé tó nǹkan bí 49,000 nT, ó sì ń wọlẹ̀ gìrìrì, ní nǹkan bí ìwọ̀n 66 sí ìtẹ́jú ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nǹkan bí 33,000 ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, nítorí pé ìlà ibi tó ti dùbúlẹ̀ pátápátá gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ inú ìwé, ará Yúróòpù tàbí ará Kánádà ló kọ ọ́. Lọ́dọ̀ wọn, òkúta olóòfà máa ń fi òkè hàn lórí àwòrán, tààrà lókè orí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, kòtò ló máa fi hàn níbẹ̀. Ẹni tó bá da àpẹẹrẹ wọn kọ, tí kò yí ìdagun orísun padà, á gbẹ́ ihò sí ibi tí òkúta náà kò sí, owó ihò kan kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ó tún kù. Ọ̀pọ̀ òkúta àti ìyàsílẹ̀ agbègbè yẹn na láti gúúsù sí àríwá, ìhà kan náà tí òòfà ayé dojú kọ. Ohun gígùn tí òòfà bá gba gígùn rẹ̀ wọlé máa ń fara hàn ní ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì nìkan, àárín rẹ̀ a dákẹ́. Nítorí náà "a ò rí nǹkankan" kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkankan. Àwọn òkúta kan sì wà tí wọ́n ti di òòfà ayé àtijọ́ mọ́ inú láti ìgbà tí wọ́n ti gbóná tí wọ́n sì tutù, ìhà tí òòfà yẹn dojú kọ lè yàtọ̀ sí tòní. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ jẹ́ èròjà, ó tún jẹ́ orísun, bí òòfà ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Μ nìkan kò tó fún un, ẹ gbọ́dọ̀ sọ agbára rẹ̀ àti ibi tó dojú kọ.

Ààlà àwòrán, ní ṣókí. Pápá kì í dúró níbi tí ìwé yín parí sí. Ẹ ya àpótí náà fẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ tún ṣe é. Bí nọ́ńbà ibi tí ẹ ń wò bá yí padà, àpótí náà ṣì kéré.

Ètò tí mo máa ń júwe fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ni FEMM, tí David Meeker kọ. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣe pápá iná, pápá òòfà àti iná tó ń ṣàn nínú ilẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù ń gbé e. Àwòrán títẹ́ tàbí ohun tó yípo òpó àárín kan ló mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí náà wáyà Òṣogbo bá a lára mu, wáyà tó já lulẹ̀ náà bá a mu bí ẹ bá yan èyí tó yípo. Òkúta Iléṣà tó na sí àríwá kò bá a mu, ẹ wá ètò mìíràn fún ìyẹn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ẹyọ ìwọ̀n gígùn tó wà lókè ojú ìwé àwòṣe, kí ẹ rí i pé mítà lẹ wà, pé kì í ṣe ínǹṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe wáyà mítà 12 yẹn. Bí ẹ bá rí nǹkan bí 4 lábẹ́ wáyà ẹ̀gbẹ́, ẹ kọ̀wé sí mi. Bí 8 lẹ rí, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò.